Ẹnu Wáyà

Ní Ṣábó, Ṣágámù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Màì Góòrò ti ń ka gbànja,
Ọ̀gá Ṣówùnmí na mítà sí mi:
"Fi ẹnu wáyà kan ẹnu wáyà ná."
Kò sí nǹkan kan láàárín wọn, síbẹ̀ ó ka díẹ̀.
"Ti wáyà nìyẹn. Yọ ọ́ kúrò.
Má fi gbèsè tìrẹ kọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn."

Mo gbàgbé láti tú iná inú kapásítọ̀ dànù.
Táú! Ó ta mí níka.
"Ọpẹ́lọpẹ́ ìka," ọ̀gá ní, "mítà ni ì bá jó."
Ẹgbẹ̀rún ni wọ́n kọ sí i lára;
mítà ní ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá.
Abájọ tí ámúpù ṣọ́ọ̀ṣì Màkún fi ń kùn lábẹ́ ìwàásù.

Resísítọ̀ ńkọ́? Iye rẹ̀ ò bá ilà ara rẹ̀ mu.
"Gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò lára bọ́ọ̀dù;
ẹnu ará ilé ló fi ń sọ̀rọ̀."

Kọ́ìlì ni mo fi yangàn: èmi ni mo wé e, ìyípo ọgọ́ta.
Mítà ò gbà.
Mo tú u, mo tún un kà títí ilẹ̀ fi ṣú:
mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.
Ọ̀gá ò bú mi.
Ó kàn tọ́ka sí ẹ̀yìn pákó,
níbi tí ohùn kan ti ń lọ, kò sáré, kò dúró:
dáyà, bíyù, úkù.