Ìdajì Hóró

Nígbà tí Àyọ̀ká kú, alẹ́ kan ṣoṣo la fi ṣe àìsùn.
A kọrin, a jẹ mọ́ínmọ́ín, kálukú gbalé rẹ̀ lọ.
Ojú mi nìkan ni kò gbọ́ pé a ti túká:
oṣù kọkànlá rèé, ó ṣì ń ṣe àìsùn tirẹ̀ lọ.

Mo ti wá mọ òru Òkè-Àrẹmọ bí ẹni mọ ìwé kíkà.
Aago kan, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì á wúkọ́, á dákẹ́.
Aago méjì, páànù tó ti dípẹtà á máa ta pá, pá nínú òtútù.
Aago mẹ́ta, ajá kan ní Bẹẹrẹ á bá ajá kan ní Yemẹtu rojọ́ àtijọ́.
Aago mẹ́rin, èmi àti àjà, à ń wo ara wa.

Mo gbé ojú pípọ́n lọ sí ilé oògùn Mojírádé ọmọ Àjùwọ̀n.
Mo ní, "Fún mi ní èyí tó ń gbéni sánlẹ̀."
Ó wo ìwé dókítà, ó wò mí, ó fa àga.
"Bàbá, kò sẹ́ni tó rọ oorun sínú hóró.
Oorun yín wà nílé. Ẹnu ọ̀nà ló há."

Ó mú bírò, ó ya ẹ̀ka méjì sẹ́yìn páálí:
wọ́n nawọ́ síra, wọn ò kanra.
"Inú ọpọlọ nìyí. Eléyìí ò lè ké dé ọ̀dọ̀ èkejì,
ìránṣẹ́ ló ń rán kọjá àlàfo.
Àwọn kan ń wí pé, Dìde!
Ọ̀kan wà, gábà lorúkọ rẹ̀, kì í pariwo.
Á kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á ṣí,
èròjà kan tó wà nínú iyọ̀ á rọra wọlé,
ẹ̀ka náà á sì gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi. Ọdún mọ́kànlélógún
ni mo fi tẹ wáyà ní rélùwéè Dùgbẹ̀.
Mo mọ bí tọ́, tọ́, tọ́ kékeré kan lóru
ṣe lè dá odidi ọkọ̀ ojú irin dúró ní Omi-Àdìó.

"Oògùn yìí wá ńkọ́?"
"Ó ń bá gábà di ilẹ̀kùn mú ni, kó má tètè padé.
Ṣùgbọ́n tó bá di alaalẹ́, ilẹ̀kùn á ya ọ̀lẹ,
á ní láìsí ìwọ, òun ò ní ṣí mọ́.
Ìdajì, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹ má fi ọtí kún un rárá.
Obì ńkọ́?"
Mo fọwọ́ bo àpò mi.
Ó rẹ́rìn-ín. "Láti àárọ̀ ni àárẹ̀ ti ń kóra jọ bí eruku ojú fèrèsé.
Obì ò lé e lọ o. Ó kàn gba àga rẹ̀ jókòó."

Mi ò sọ ìyókù fún un:
pé ojú oorun ni Àyọ̀ká gbà lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,
pé mo ń hanrun, mi ò gbọ́ nǹkan kan.
Ìránṣẹ́ wo ló ń jẹ́ iṣẹ́ ìyẹn?
Àfi bó ti ń ka ṣéńjì fún mi, tó ní,
"Oògùn á ṣílẹ̀kùn, Bàbá. Kò mọ ẹni tí ẹ̀ ń ṣọ́."

Lálẹ́, mo fi abẹ gé hóró funfun náà.
Ìdajì wọ ẹnu mi, ìdajì ta sábẹ́ ibùsùn.
Mo yí sí ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀,
mo fọwọ́ lé ìrọ̀rí, mo ní, "Mo sùn lọ́jọ́ náà. Má bínú."
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́.
Mi ò gbọ́ páànù. Mi ò gbọ́ ajá.

Nígbà tí oorun fi máa dá lójú mi, oòrùn ti gun Òkè Mápó.
Oògùn ni àbí ọ̀rọ̀ tí mo bá ìrọ̀rí sọ? Mi ò mọ̀.
Mo bẹ̀rẹ̀ wá ìdajì kejì:
eèrà mẹ́fà yí i ká, wọn ò mira.
Mo rọra gbẹ́sẹ̀ kọjá, kí n má baà jí wọn.