Bí O Bá Ké “Ṣó”

Mo tẹ S, tí kò ní àmì kankan lábẹ́, mo tẹ o,
n kò tíì mí, kọ̀ǹpútà ti dá mi lóhùn:
Ṣóbándé, Ṣófowórà, Ṣógbàmù, Ṣógbẹ̀san,
Ṣókẹ́yẹ, Ṣótúndé, Ṣótúnmbí,
wọ́n tò sábẹ́ ara wọn bí òrùlé páànù
tí ènìyàn ń wò láti orí àpáta.

Abẹ́òkúta ló bá wa gbé, ẹ má bínú sí i.
Bí o bá dúró ní Ìtòkú, tí o ké “Ṣó!”,
tí o wá sinmi díẹ̀,
ìdajì àdúgbò ni yóò yíjú sí ọ,
ìdajì yòókù á béèrè pé èwo nínú wọn.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń bá awọnlẹ̀ kọ lẹ́tà
ní Òkè-Ìléwọ́.
Látijọ́, ọwọ́ mi ni mo fi ń kọ ẹ̀yìn àpòòwé,
mo mọ ilé, mo mọ ojúlé,
mo mọ ẹni tí ajá rẹ̀ ń bu ońṣẹ́ jẹ.
Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ;
ẹ̀rọ yìí kò wo ilé kankan.
Lẹ́tà méjì ló gbọ́, ó ti fò dìde:
“Mo mọ̀ ọ́n! Mo mọ̀ ọ́n!”
bí ọmọ kíláàsì kìíní tó ń nawọ́ sókè
tí kò ní ìdáhùn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ajé, iye tó kéré jù tí a lè ta ilẹ̀ Ọbàdà,
tí ọ̀gá ní Ṣótúndé lọ́yà nìkan ni kí n sọ ọ́ fún,
ọ̀dọ̀ Ṣótúnmbí ló lọ, ẹni tó fẹ́ rà á.
Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti pè:
“Mo gbà. Iye yẹn tẹ́ mi lọ́rùn.”
Ọ̀gá kò sọ nǹkan kan. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀,
ó ń nù ún, ó ń nù ún.
Ì bá pariwo, ì bá sàn.

Wọ́n wá pe Bánjọkọ, ọmọ Panṣẹ́kẹ́.
“Màmá, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé orí orúkọ náà.
Ẹ rí àgbélébùú kékeré tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?
Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀.”
Ṣótúnmbí yọ́ bí iyọ̀.
Adírẹ́ẹ̀sì Ṣófowórà àtijọ́ náà lọ,
àti ọ̀kan tí èmi fúnra mi kọ láìfi “a” sí i,
tí ẹ̀rọ tọ́jú fún mi bí ogún bàbá.

Ó wá ku Ṣógbẹ̀san.
N kò rí i rí. Ó ra ilẹ̀ kan ní Ẹlẹ́ga nígbà kan,
ó kó lọ sí Ayétòrò,
láti ìgbà náà, lẹ́tà Ṣógbàmù ló ń gbà.
Kò sí èyí tí kò dá padà:
“Èmi kọ́ ni, ìyá mi. Ẹ kú iṣẹ́ o.
Òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣé ó rọ̀ lọ́hùn-ún?”
Nígbà kan, ó fi kún un pé wọ́n ti dá ìyàwó òun sílẹ̀
ní ọsibítù Ìdí-Àbà.
N kò béèrè. Inú mi dùn títí di alẹ́.

“Èyí náà ńkọ́, Màmá?”
Mo gbé ìka lé àgbélébùú yẹn.
Mo gbé e kúrò.
Mo ní kó lọ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá.

Mo tẹ S, mo tẹ o, mo tẹ g,
mo tẹ̀ ẹ́ tán lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò jẹ́ kó bá mi parí rẹ̀:
“Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe àṣìṣe lónìí.
Òjò ti rọ̀ níbí.”