Ojú Abẹ́rẹ́ Mẹ́rin

Mo tún ti gbé e dé o, Ìyá Olúgbèmí,
síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé yìí náà ni.
Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín.
Ní Èrèlé ẹ dín in ní íǹṣì méjì,
mo jó jáde ní ṣọ́ọ̀bù yín, gbogbo Òkè Àró rí mi.
Ní Èbìbí ẹ tú u.
Ní Ògún ẹ tún dín in.
Ọyẹ́ ti dé báyìí, ètè ń là,
bọ́tìnnì sì ti kọ̀, ó ní òun ò bá mi lọ ibi iṣẹ́ mọ́.

Ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sójú oòrùn, ẹ wò ó:
ojú abẹ́rẹ́ tò bí ẹsẹ̀ kòkòrò lórí iyanrìn.
Ìlà kan, ìgbà tí mo kọ iyán sílẹ̀,
èmi, ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, tí mo kọ iyán!
Àǹtí Adétóún gbé odó síta lọ́jọ́ ọdún,
mo ní kí wọ́n bá mi gé kùkúńbà.
Gbogbo agbo ilé dákẹ́ bí ẹni pé mo bú òkú.
Ìlà kan, tíì tí wọ́n ní ó ń yọ ọ̀rá;
owó ló yọ, ó yọ oorun.
Ìlà kan, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún.
Mo ní nítorí orílẹ̀-èdè ni,
Ọlọ́run mọ̀ pé nítorí ìbàdí ni.
Ìlà kẹrin, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.

Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.
Tèmi wọ̀. Ó tún jáde. Ó tún wọ̀.

Kẹ́míìsì kan wà nítòsí ọ́fíìsì wa l'Álágbàka,
òṣùwọ̀n rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ajá tó mọ̀ mí.
Mo bọ́ bàtà. Mo bọ́ yẹtí.
Mo mí èémí jáde, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ náà ní kílò.
Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
Mo fẹsẹ̀ rìn láti Ìjàpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà,
mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
Mo gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè títí orúnkún fi ń bú mi,
mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ wọ̀n:
mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, àti ìdajì.
Ọmọ tó ń ta oògùn ní, "Bóyá omi ni, mà."
Omi kẹ̀! Á jẹ́ pé odò Àlà ló ń ṣàn nínú mi.

Lóru ọjọ́ náà, wọ́n ti mú iná lọ,
mo dúró ní kíṣìnnì, mo ń jẹ ẹ̀bà tútù láìsí ọbẹ̀.
N ò tan àbẹ́là, kí n má baà rí ẹni tó ń jẹun.
Ebi kọ́. Ìbínú ló lọ́wọ́ nínú àwo.

Ṣé ẹ mọ èyí tó dùn mí jù?
Ní Ògún, Ọ̀gá Akínfọlárìn ní, "Ẹ mà ti rẹwà o!"
Wọ́n dá mi dúró ní kọ́ríídọ̀ láti sọ ọ́.
Ta wá ni mo jẹ́ ní Èbìbí,
nígbà tí mo ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́?

Ẹ ò dáhùn. Ẹ fi ìka tọ ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
bí ẹni ń ka lẹ́tà ẹni tó ti pẹ́ lájò.
Ẹ wá ní, "Aṣọ yìí ò lè gba abẹ́rẹ́ lójú kan náà mọ́.
Tí mo bá tún gún un, á ya."
Aṣọ lẹ̀ ń sọ, mo mọ̀.
Ẹ fa rọ́bà jáde nínú dúrọ́ọ̀:
"Èyí á bá yín lọ, á bá yín bọ̀."
Ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ lẹ pè é. Mo ná an, ẹ ò gbà.

Lọ́la, màá ṣì fẹsẹ̀ rìn.
Mo fẹ́ràn òórùn búrẹ́dì l'Ójúlé Béékìrì láago mẹ́fà,
àti bí ìkùukùu ṣe máa ń fi òkè pamọ́.
Tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà kẹ́míìsì,
màá kí òṣùwọ̀n yẹn
bí a ṣe ń kí aládùúgbò tí a jẹ ní gbèsè:
láìdúró.