Orúkọ Ìbòjú

Ọmọ kan nawọ́ sókè ní kíláàsì mi l'Óǹdó lọ́jọ́bọ̀,
Adéwùsì, tí kì í jẹ́ kí ìbéèrè sùn.
Ó ní: "Mà, bí èèyàn bá kọ lẹ́tà,
tó wá fi orúkọ ẹlòmíì sábẹ́ rẹ̀,
ẹlòmíì tí ò sí níbì kankan,
kí là ń pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀?"
Mo kọ ọ́ sára pátákó: ORÚKỌ ÌBÒJÚ.
Ṣọ́ọ̀kì já mọ́ mi lọ́wọ́ níbi àmì abẹ́ Ọ.

Ìnagijẹ kọ́, mo ṣàlàyé.
Wọ́n pe ìnagijẹ rẹ lójú títì, o yíjú.
Oríkì kọ́. Oríkì mọ ìyá tó bí ọ.
Eléyìí ò mọ ẹnì kankan.
Kò ní ọjọ́ kẹjọ;
iyọ̀ ò kàn án lẹ́nu, oyin ò kàn án lẹ́nu,
ìyá àgbà kan ò ju kọ́bọ̀ sínú abọ́ omi nítorí rẹ̀.
Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Òǹkọ̀wé yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wò.

N ò sọ fún wọn pé mo mọ mẹ́ta nínú wọn,
pé a jọ gbé inú ilé kan náà
l'Òkè Àró, l'Ákùúrẹ́, lọ́dún tí ẹ̀rọ omi àdúgbò gbẹ.

Bàbá mi, Akíndolírè, akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó,
kọ̀wé sí ìwé ìròyìn lórúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.
Wọn ò tẹ̀ ẹ́ jáde.
Ló bá tan àtùpà, ó bí èèyàn mẹ́ta lóru ọjọ́ kan:
káfíńtà kan, Jímọ̀ Arówólò;
ọmọ iléèwé kan, Títílọpẹ́, tó ń ru garawa kí ilẹ̀ tó mọ́;
àti opó kan, Rèbékà.
Lọ́sẹ̀ kejì, Jímọ̀ kọ̀wé pé òótọ́ lopó náà wí.
Títílọpẹ́ náà kọ̀wé, ó gbà pẹ̀lú Bàbá Káfíńtà.
Ẹnì kan ṣoṣo di àwùjọ.
Omi dé lóṣù kẹta.

Káńsù gbé àpò ìrẹsì kan wá fún opó,
wọ́n ń bèèrè rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé.
Ìyá mi, tí wọ́n sàmì Rèbékà fún ní ṣọ́ọ̀ṣì,
ka ìwé ìròyìn ọ̀hún tán, ó yọ awò ojú rẹ̀:
"Ta ló pa ọkọ mi?"
Oúnjẹ pẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.
Awakọ̀ káńsù ló gbé ìrẹsì lọ sílé tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo máa ń pa ìtàn yìí tì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ nígbà tá a sin bàbá mi, mo ṣí páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
mo bá ẹ̀dà lẹ́tà kan níbẹ̀ tí ò lọ sílé ìwé ìròyìn.
"Àwa òbí tí ọ̀rọ̀ kàn." Orúkọ márùn-ún.
Wọ́n ní Tíṣà Ọmọ́táyébí ń jẹ owó ìdánwò,
Ọmọ́táyébí tí òun àti bàbá mi ń fa ààlà ilẹ̀,
tí wọ́n lé níṣẹ́,
tó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà Ìdànrè, tí kò wẹ̀yìn.
Orúkọ márùn-ún, bíró mẹ́ta.
Ṣùgbọ́n àmì abẹ́ ẹ,
bàbá mi kì í ṣe é roboto;
a máa fà á ni, bí ẹ̀kán omi tó ń ṣàn sápá òsì.
Márààrún ló ń ṣàn sósì.

"Mà," Adéwùsì ò tíì gbọ́wọ́ sílẹ̀, "ṣé irọ́ ni?"
Mo ranti omi, mo ranti kẹ̀kẹ́.
Mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe gbólóhùn méjì wá lọ́jọ́ Ajé.

Wọ́n jáde tán.
Mo mú dọ́sítà, mo fẹ́ nu pátákó,
mo wá rí àmì abẹ́ Ọ tèmi,
níbi tí ṣọ́ọ̀kì ti já:
ó ń ṣàn sósì.