Ọwọ́ Inú Ìbọ̀wọ́

Wọ́n tún ti gbé e jáde lálẹ́ yìí, sinimá àwọn awakọ̀ ìje,
nínú gbọ̀ngán ìjọ Don Fausto, ní Vignola,
níbi tí àga onígi ti ń pariwo ju ẹni tó jókòó lé e lọ.
Mo san owó mi bí gbogbo ènìyàn.
Ọmọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní, "Ìyá Ersilia,
ṣé ẹ ò tíì rí i tán ni?"
Mo ní kó fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì mi.

Wákàtí mẹ́ta dín díẹ̀ ni.
Ọkùnrin mẹ́rin ń sáré,
obìnrin mẹ́ta ń dúró.
Òjò kan. Iná kan. Ìfẹ́ jíjí nínú òtẹ́ẹ̀lì tó kọjú sókun.
Ìyàwó awakọ̀ á wọ ẹ̀wù onírun olówó iyebíye,
á di aago mú, á máa ka ìṣẹ́jú àáyá,
omijé á dúró ní igun ojú rẹ̀, kò ní já bọ́
àfi bí kámẹ́rà bá súnmọ́ ọn.
Èmi, bàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ mi nígbà náà.
Mo ń bọ́ ehoro. N kò ní aago.
Ìró ẹ́ńjìnnì lójú títì lálẹ́ ni mo fi ń mọ̀
pé mi ò tíì di opó.

Oṣù kẹfà ni wọ́n dé, àwọn onísinimá,
pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù méjìlá àti ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá òjò,
tó ń fi họ́ọ̀sì rọ òjò sórí títì tó gbẹ táútáú.
Òṣèré wọn lẹ́wà. N kò ní purọ́ mọ́ ọn.
Ojú rẹ̀ dà bí omi adágún láàárọ̀.
Ṣùgbọ́n bó bá dé kọ́nà,
á tẹ bíréèkì bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀.
Ni wọ́n bá wá Nevio wá.
Wọ́n gbé akoto òṣèré náà lé e lórí,
funfun, ìlà pupa kan ní àárín rẹ̀,
wọ́n so kámẹ́rà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.
Wọ́n san owó ọjọ́ mẹ́sàn-án fún un. A fi ra fìríìjì.
Orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tó ń gòkè lọ nígbà tí sinimá bá tán.
Mo wò ó títí orúkọ ẹni tó ń se oúnjẹ wọn fi kọjá.

Ẹ dákẹ́. Ó ti ń bọ̀.
Ojú òṣèré á kún ara ògiri, ojú adágún yẹn,
wọ́n á gé e,
ọwọ́ ọ̀tún kan á wọlé.
Ìbọ̀wọ́ awọ tí wọ́n gé orí ìka rẹ̀ kúrò.
Àtàǹpàkò tó wọ́ díẹ̀, bí èèkàn tí ewúrẹ́ fà:
ìlẹ̀kùn gáréèjì bàbá rẹ̀ ló hán an, ó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá.
Ó ti jíà sí kẹrin.
Ó fà á padà sí kẹta.
Ó sinmi.
Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá.

Ọwọ́ yẹn ló gba àkọ́bí wa lọ́wọ́ agbẹ̀bí,
epo dúdú ṣì wà nínú èékánná rẹ̀.
Ọwọ́ yẹn ló di ẹ̀ka igi ṣẹ́rì mú
ní ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà,
lórí àkàsọ̀ tí kò ga ju ènìyàn méjì lọ,
ẹ̀ka sì ṣẹ́.
Títì ni mo ti ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí wá.
Ọ̀nà kò gba ibi tí mo fojú sí.
Kò sí kámẹ́rà, kò sí orin.
Agbọ̀n kan dà nù.

Wọ́n ti dá ojú arẹwà yẹn padà. Gbogbo gbọ̀ngán mí kanlẹ̀.
Mo dìde.
"Ìyá, ó kù díẹ̀ ká mọ ẹni tó gba ife!"
Mo ní mo mọ̀ ọ́n.
Kẹ̀kẹ́ mi wà níta nínú kùrukùru.
Jíà rẹ̀ há sí kẹta, ó ti pẹ́.
N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe.