Ibùdó Keje

Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, òkùnkùn ṣì di òkè lámùrè.
Mo tan iná bọ́ọ̀sì, mo fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí àtẹ́lẹwọ́,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì Kẹntọ́kì,
níbi tí ilé ti jìnnà sí ilé
bí ọ̀rẹ́ méjì tó ń bára wọn yan odì.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń fi ọkọ̀ gbé ọmọ ọlọ́mọ.
Mo mọ ẹni tó jẹun, mo mọ ẹni tí kò jẹ.
Mo mọ bàtà tí ẹ̀gbọ́n wọ̀ kí àbúrò tó jogún rẹ̀.
Olùkọ́ ń rí orí ọmọ nínú ìwé;
èmi ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ibùdó keje ni ti Corbin Stiltner.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, irun rẹ̀ pupa bí iná tó ń kú lọ.
Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré, á gùn ún bí ẹni gun òrùlé,
á dúró, á mí, á rẹ́rìn-ín kí n má baà bi í.
Èémí rẹ̀ ń ké fíì, fíì, bí omi tó fẹ́ hó.
Ní oṣù kìíní, ọjọ́ mọ́kànlá ni kò sí níbẹ̀.
Mo fọn fèrè. Mo dúró.
Ajá nìkan ló dáhùn.

Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: Ìsáǹsá.
Wọ́n kọ lẹ́tà sí Verna, ìyá àgbà rẹ̀;
èkejì le ju àkọ́kọ́ lọ.
Èmi tí n kì í bá ọ̀gá sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ,
mo pa ẹ́ńjìnnì, mo wọlé, mo ní:
"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí kò sá.
Èémí ló ń sá fún un."

Ọ̀gá wò mí títí.
Ó ká lẹ́tà kẹta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí méjì.

Nọ́ọ̀sì Opal bá mi wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Tọ́sìdeè.
Verna rò pé wọ́n wá gba ọmọ ni,
ó na apá méjèèjì sẹ́nu ọ̀nà bí ọ̀pá ìdábùú.
Opal ní, "Ilẹ̀ ilé yín ni mo wá kí."
Wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì. Omi àgbàrá èṣín ṣì wà lábẹ́ rẹ̀,
ohun dúdú kan ti hù lára pákó bí irun.

Ta ni yóò tún un ṣe?
Owó ilé ẹ̀kọ́ kò mọ ilẹ̀ ilé ẹnikẹ́ni.
Estill ló dìde, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún wa èédú lábẹ́ òkè yìí,
tí èédú wá fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣelé, tí kò san owó ilé.
Ó ti gbọ́ ikọ́ ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì.
"Mo mọ ikọ́ yẹn," ó ní. "Àbúrò tèmi ni."
Ó gbé ayùn; ọkọ̀ mẹ́rin tẹ̀lé e.
Òun fúnra rẹ̀ kò lè gbé pákó kan.
Ó jókòó lórí garawa tí a dojú rẹ̀ dé,
tòun ti rọ́bà afẹ́fẹ́ nímú,
ó ń fìka júwe: "Ibẹ̀ yẹn. Rárá, kó dọ́gba."

Yàrá tí wọ́n ń kó àga tó kán sí nílé ẹ̀kọ́,
dókítà ń jókòó síbẹ̀ báyìí ní gbogbo Túsìdeè.
Rhoda ará ilé ìfọṣọ ló rán kọ́tìnnì rẹ̀.
Ibẹ̀ ni ọmọ kan ti yọ eyín
tí gbogbo wa ti ń pe ìrora rẹ̀ ní agídí.

N kò ní purọ́: Corbin kò gba ipò kìíní.
Ìṣirò rẹ̀, mẹ́fà nínú mẹ́wàá.
Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.
Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, òótọ́ ni;
n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé
ẹrù náà lè jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán.

Estill kú nígbà tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́.
A sin ín ní Sátidé.

Ní Mọ́ńdè, mo dé ibùdó keje.
Ọmọ náà ti ń dúró, apá kan ẹ̀wù rẹ̀ ṣì wà níta.
Ó fo àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà.
Ó wo aago mi, ó wò mí.
"Ẹ pẹ́ lónìí," ó ní.