Ìdúró Tí Kò Sí Nínú Ìwé Àkókò

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Vojko ti ń wa bọ́ọ̀sì
láti Šmartno sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Nova Gorica.
Kò pẹ́ rí, kò yá rí.
Bó bá fọn fèrè ní igun ṣọ́ọ̀ṣì,
aago méje ti kọjá ìṣẹ́jú méjìlá nìyẹn,
àlùfáà gan-an a máa yí ọwọ́ aago tirẹ̀ sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà,
òjò ti rọ̀ mọ́jú, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nu ojú ewé,
ó dé ẹ̀bá oko Marjuta, ó tẹ bíréèkì.
Kì í ṣe pé màlúù dábùú ọ̀nà.
Kì í ṣe pé táyà jò.
Igi ṣẹ́rì kan ló na apá kọjá ògiri òkúta,
èso rẹ̀ pọ́n, ó pọ́n kọjá kéèyàn máa wòran.
Vojko pa ẹ́ńjìnnì. Ó ṣí ilẹ̀kùn.
Ó ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Kò sẹ́ni tó mira.
A rò pé ọkàn rẹ̀ ló fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀.
Tjaša nọ́ọ̀sì wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó pòṣé.
Ọkùnrin tó ń lọ sí báńkì fi fáìlì bo àyà.
Anže ọmọ iléèwé, tí ìdánwò ìṣirò ń dúró dè,
òun ló kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀.
Ta ni yóò bá a wí?

Marjuta jáde tòun tọ̀pá, ó fẹ́ lé olè.
Ó bá ènìyàn mẹ́rìndínlógún lábẹ́ igi,
ẹnu wọn pọ́n bí ẹnu ọmọ tó jí ọbẹ̀ lá.
Ó wò wá, ó wò wá, ó padà wọlé,
ó lọ gbé àkàsọ̀ wá.

Ọkùnrin báńkì tu kóró, ó ré kọjá títì,
ó sì wò yíká, kí gbogbo wa lè jẹ́rìí.
Tjaša rẹ́rìn-ín títí òsúkè fi mú un.
Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún:
òun náà ló kà á.

Wọ́n pe Vojko sí ọ́fíìsì.
"Kí ló dé tí o fi dúró?"
"Ó pọ́n ni."
"Ṣé o ti gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"
Ó ronú díẹ̀. "Rárá o.
Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wò ó."
Wọ́n gé owó iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ta ní ń dá ọjọ́ fún sísín?
Ta ní ń kọ̀wé pe ẹ̀rín kó tó bú jáde?
Èmi tí mo ń gbèrò bí n óò ṣe sinmi
títí èrò náà á fi rẹ̀ mí,
wèrè ni mo ń pe ohun òjijì tẹ́lẹ̀,
àfi ìgbà tí mo gbọ́ èsì yẹn.
Ohun tí a pè ní òjijì,
ó ti pẹ́ nínú oyún kó tó ké.

Lọ́dún kejì, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri:
Ọjọ́ Ìdúró Ṣẹ́rì, aago mẹ́wàá géérégé.
Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì,
olórí ìlú sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i.
Wọ́n ti fọ ṣẹ́rì, wọ́n ti kà á sínú abọ́ pépà.
A jẹ ẹ́. Ó dùn, n ò ní purọ́.
Ṣùgbọ́n Anže bi mí pé ìgbà wo la ó lọlé,
kò sì sẹ́ni tó tu kóró.
Vojko jókòó sídìí ọkọ̀ rẹ̀,
ó ń nu gíláàsì tó ti mọ́.

Oṣù kìn-ín-ní. Yìnyín bo òkè.
Igi náà wà níhòòhò, dúdú bí okùn bàtà.
Bọ́ọ̀sì dé ibẹ̀, kò dúró,
ó kàn dẹ eré díẹ̀,
bí èèyàn ṣe ń ṣí fìlà fún ojúlùmọ̀.
Kò sẹ́ni tó wo aago.
Tjaša lá ètè rẹ̀.